Ibi tí irin tí kì í dógùn-ún ti ṣẹ̀ wá, àti ohun tí iná ń ṣe sí i

Ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí káàkiri Ìjẹ̀bú, ọpọ́n tó ń gba omi gbáàgúdá ló máa ń jìyà jù, torí omi kíkan kì í fi irin lásán sílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ra sténlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í dógùn-ún. Síbẹ̀, ẹ lè rí ọpọ́n tuntun tó ti dógùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wẹ́dà jó, ní mìlímítà díẹ̀ sí ojú rẹ̀, tí ìyókù ṣì ń dán. Ó lè máà jẹ́ ayédèrú rárá. Iná ló fà á, àìsàn yìí sì ti ń bá irin náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1912, ní ilé iṣẹ́ Krupp ní ìlú Essen, Jámánì, Benno Strauss àti Eduard Maurer po nǹkan bí ìdá 20 krómíọ̀mù àti ìdá 7 níkẹ́ẹ̀lì nínú 100 mọ́ irin. Níkẹ́ẹ̀lì ni kò jẹ́ kí ìtò inú irin náà, tí wọ́n ń pè ní austenite, yí padà nígbà tó bá tutù. Ó ṣeé tẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un. Ní August 1913, ní Sheffield, Harry Brearley, tó ń wá irin fún ọ̀nà ọta ìbọn, rọ tiẹ̀: ìdá 12.8 krómíọ̀mù àti ìdá 0.24 kábọ́ọ̀nù nínú 100, láìsí níkẹ́ẹ̀lì. Èyí ń di martensite, ìtò inú irin mìíràn tó le gan-an, bó bá yára tutù. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ṣe. Àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ kọ́kọ́ ráhùn sí i, torí iná tó tó fún irin ọ̀bẹ lásán, nǹkan bí 780°C, kò tó o. Ó ń fẹ́ bí 1,000°C.

Alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ pé àdá tó pọ́n bọ omi á le. Irin Krupp kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá gbóná dé 1,050°C tí a tì í bọ omi, rírọ̀ ló ń rọ̀. Omi náà wúlò lọ́nà mìíràn: ó ń mú un yára kọjá láàárín 850 sí 425°C. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù á fa krómíọ̀mù lọ sí ààlà àwọn wóró inú irin. Ẹ̀gbẹ́ ààlà yẹn á ṣaláìní krómíọ̀mù tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, omi kíkan á sì gba ibẹ̀ wọlé. Edgar Bain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tú u síta ní 1933. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí kábọ́ọ̀nù má ju ìdá 0.03 nínú 100 lọ, tàbí kí a fi títáníọ̀mù de kábọ́ọ̀nù náà. Láti 1968 tí wọ́n ti ń fẹ́ argon àti ọ́síjìn sínú irin yíyọ́ ni irin oníkábọ́ọ̀nù kékeré ti wọ́pọ̀.

Wẹ́dà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kò ní ààrò tó gba odindi ọpọ́n, tí ì bá fi gbé e dé 1,050°C kó tó tì í bọ omi. Nítorí náà, 304L, ìyẹn sténlẹ́ẹ̀sì 304 oníkábọ́ọ̀nù kékeré, ni kí ó rà, kí ó fi 308L, ọ̀pá wẹ́dà tó bá a mu, jó o, kí iná má pọ̀, kí ó jẹ́ kí ìlà kan tutù kó tó fa òmíràn. Àwọ̀ búlúù tó kù lójú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, torí ìpata ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì sténlẹ́ẹ̀sì tí kò tíì kan irin lásán rí ni kí ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́jà: kì í mú irin onímáńgáníìsì tó rẹlẹ̀ ju 304 náà.