Iye Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Pè Kọ́ Ni Iye Oògùn PrEP

Obìnrin ọmọ Ìbàdàn kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn níbí ní Houston ló wá sí kántà ilé oògùn wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà ti kọ PrEP fún un, ìyẹn oògùn tí ẹni tí kò ní HIV máa ń lò kí kòkòrò náà má ríbi wọ ara rẹ̀. Kò ní inṣọ́ránsì. Nígbà tí mo sọ iye rẹ̀ fún un, tó lé ní 2,000 dọ́là fún oṣù kan ṣoṣo, ó rọra fa síìpù báàgì rẹ̀ pa. "Ẹ ṣé, bọ̀dá. Mo ń bọ̀." Ẹni tó bá sọ pé òun ń bọ̀ nídìí irú owó bẹ́ẹ̀ kì í padà wá. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

Descovy ni dókítà kọ fún un. Kò tíì sí jẹ́nẹ́ríìkì rẹ̀, ìyẹn oògùn kan náà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ní owó pọ́ọ́kú, ní Amẹ́ríkà. Yàtọ̀ sí ti owó, nígbà tí FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún PrEP ní 2019, wọn ò fọwọ́ sí i fún ẹni tó jẹ́ pé ojú ara obìnrin ni kòkòrò lè gbà wọlé sí i lára. Truvada, tí wọ́n fọwọ́ sí láti 2012, ló bá a mu, jẹ́nẹ́ríìkì rẹ̀ sì ti wà lọ́jà láti 2020. Mo pe dókítà, ó pààrọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú káàdì ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, owó náà já sí nǹkan bí 30 dọ́là. Ẹni tó bá sì ń lo PrEP bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ewu kíkó HIV nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ máa ń dín kù fún un tó nǹkan bí ìdá 99 nínú 100.

Àmọ́ oògùn nìkan kọ́ lowó. Owó mẹ́ta ló so kọ́ra nínú PrEP: owó oògùn, owó rírí dókítà, àti owó àyẹ̀wò tí ẹ ó máa ṣe lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń lé àwọn èèyàn wa sá. Wọ́n á ti gba oògùn, inú wọn á dùn, oṣù méjì lẹ́yìn náà ni bíìlì láàbù á dé, wọ́n á sì pa gbogbo rẹ̀ tì. Bí ẹ bá ní inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tàbí Obamacare, ìyẹn inṣọ́ránsì tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń rà lábẹ́ òfin ìlera Obama, ẹ má tíì san bíìlì yẹn. Láti 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan kí ọ̀pọ̀ jù lọ inṣọ́ránsì san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ pe inṣọ́ránsì, ẹ sọ fún wọn pé àyẹ̀wò ìdènà àrùn ni, kì í ṣe ti àìsàn. Ẹ ní kí ọ́fíìsì dókítà tún kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí inṣọ́ránsì kọ, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò náà. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí inṣọ́ránsì náà. Mo ti rí bíìlì ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là tó di òdo báyìí.

Ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló máa sọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ní New York, ètò ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ PrEP-AP ló ń san owó dókítà àti ti àyẹ̀wò, oògùn sì ń wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Washington àti California ní tiwọn. Ní Florida, ilé ìlera ìjọba ní gbogbo county 67 ló ń fúnni ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Texas tiwa kò ní irú ètò New York yẹn, kò sì fẹ Medicaid, inṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, lójú kó lè gba gbogbo àgbàlagbà tí owó wọn kò tó nǹkan. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí Houston yìí kún fún àwa ọmọ Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò dí. Àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́, bíi Legacy Community Health níbí, máa ń díwọ̀n owó wọn sí bí owó tó ń wọlé fún yín ṣe mọ. Irú wọn wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, òfin tí wọ́n ń pè ní 340B sì jẹ́ kí wọ́n máa ra oògùn ní ẹ̀dínwó ńlá. Ibẹ̀ ni mo darí àǹtí náà sí fún dókítà àti àyẹ̀wò. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé wọ́n ní PrEP. Ẹ ní: "Mi ò ní inṣọ́ránsì. Èló ni màá san fún dókítà? Èló fún láàbù? Ta ló máa bá mi kọ fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ oògùn?" Gilead, tó ń ṣe Truvada àti Descovy, ní irú ètò ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, Advancing Access lorúkọ rẹ̀. Ẹ mú ìwé owó oṣù yín àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé dání.

Nínú àwọn àyẹ̀wò náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo hepatitis B. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ló ní kòkòrò yìí, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀ bóyá òun ní in. Oògùn inú PrEP máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí owó bá wá tán, tí ẹ ṣàdédé dá oògùn dúró, kòkòrò náà lè ru sókè kó sì pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ to ọ̀rọ̀ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó gbé ìgò àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí inṣọ́ránsì òbí máa ń bi mí léèrè ohun mìíràn: ṣé Dádì máa mọ̀? Ó ṣeé ṣe. Inṣọ́ránsì máa ń fi lẹ́tà ohun tí wọ́n sanwó fún ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi tiyín ránṣẹ́ síbòmíràn, tàbí kí ẹ gba ilé ìwòsàn àdúgbò lọ. Ní ti ìwé ìgbélùú, láti oṣù kìíní 2010 ni HIV ti kúrò lára àìsàn tí wọ́n fi ń dí ènìyàn lọ́nà green card, ẹni tó ń lo PrEP kò sì ní HIV rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, bóyá kọ́ńdọ̀mù já lánàá tàbí ẹnì kan fipá bá yín lò pọ̀, PrEP kọ́ lẹ ó wá lọ. PEP ni, oògùn ọjọ́ 28, ẹ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ dárúkọ PEP fún wọn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dúró di ọ̀la.