Ṣé gbígbé pọ̀ nìkan tó láti kọ́ ọmọ láti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ro ara rẹ̀ wò? Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ilé-kéú Indonésíà

Ìbéèrè: Báwo ni àwọn ọmọ ṣe ń gbé ní pesantren?

Ìdáhùn: Pesantren ni ilé-kéú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà rẹ̀ ní Indonésíà, santri ni wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, kiai sì ni wọ́n ń pe àfáà àgbà tí ó ń darí rẹ̀. Tebuireng, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jombang ní 1899, àti Gontor, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ponorogo ní 1926, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Àwọn ọmọ tí kò mọ ara wọn rí a máa sùn sí yàrá kan, wọn a jọ tò fún omi ìwẹ̀, ní àwọn ilé-kéú kan, wọn a sì máa jọ jẹun nínú àwo ńlá kan ṣoṣo, níbi tí ẹni tí ó bá ń sáré gbé ẹran kò ti lè ṣàì rí ojú ẹni tí kò kàn.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń wọ bàtà ara wọn lọ láìtọrọ?

Ìdáhùn: Ghosob ni wọ́n ń pe àṣà yìí, ó sì wọ́pọ̀ débi pé kò sí santri tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ inú ìwé fiqh, ìyẹn ìwé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí wọ́n ń kà ni wọ́n ti kọ́ pé èèwọ̀ ni. Ẹ wo ọmọ kan tí ó kírun àsùbáà tán, tí ó dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tí kò bá sálúbàtà rẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ èyí tí ó sún mọ́ ọn jù. Ohun tí ó dùn ún kò tíì kúrò lára rẹ̀ tí ó fi gbé e lé ẹlòmíràn lórí. Lójú tèmi, ohun tí ó fà á ni pé a máa ń rí ojú ẹni tí a jọ jókòó ti àwo, ṣùgbọ́n sálúbàtà kò ní ojú.

Ìbéèrè: Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ni ọmọ kékeré lára ńkọ́? Ṣebí òun ń rí ojú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ń rí i dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a ka mímọ inú èèyàn àti àánú sí ohun kan náà. Nígbà tí Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọgbọ́n ìbánigbé ní 1920, ó pè é ní òye mímọ èèyàn àti mímọ bí a ṣe ń darí wọn. Ẹni tí ó bá sì ní òye yìí lè fi tu ọmọ tí ó ń sunkún ilé nínú, ó sì lè fi mọ ọmọ tí kò ní lè fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n ti ṣe fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí ni òun náà ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ sálúbàtà yẹn.

Ìbéèrè: Kí ni olùkọ́ lè ṣe?

Ìdáhùn: Kí ó má ṣe fi ìtọ́jú yàrá lé àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lọ́wọ́. Bí sálúbàtà bá sọnù, kí ó tó wá ẹni tí ó gbé e, kí ó jẹ́ kí ọmọ tí ó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán sọ bí ó ti rí lára rẹ̀, kí àwọn tó kù máa gbọ́.