Ìgbàgbọ́: kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, kí ló sì lè ṣe fún ẹni tó ní in?

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lédè wa: “Mo gbà pé Ọlọ́run wà.” Ẹ tún gbọ́ èyí: “Mo gba Ọlọ́run gbọ́.” Gbólóhùn méjèèjì fẹ́ jọra, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra. Àkọ́kọ́ ń sọ èrò kan tí èèyàn fara mọ́. Ó lè fara mọ́ ọn láàárọ̀, kó má sì rántí rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkejì ń sọ ti ẹnì kan tó gbára lé ẹlòmíì. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà bó ṣe là sí méjì, “gbà” lápá kan, “gbọ́” lápá kejì, tí Ẹni tí a gbọ́kàn lé sì wà láàárín. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí a ń ṣe nípa ẹ̀sìn, orí gbólóhùn àkọ́kọ́ la ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú èkejì ni ìgbàgbọ́ ń gbé.

Ohun mìíràn tún wà tó ti dín ọ̀rọ̀ yìí kù lẹ́nu wa. Bí ẹnì kan bá sọ pé “onígbàgbọ́ ni lágbájá,” Kìrìsìtẹ́nì ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ bá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí náà ní “onígbàgbọ́ òdodo” tiwọn, àwọn ẹlẹ́sìn yòókù náà sì ní ohun tí wọ́n fi ayé wọn tì. Nínú àlàyé yìí, gbogbo wọn ni mò ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ “àmín” tí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ fi ń dáhùn àdúrà ní nǹkan tó ń sọ fún wa. Lédè Hébérù, gbòǹgbò kan náà ni “àmín” àti “emunah” ti yọ. Emunah yìí ni wọ́n ń pe ìgbàgbọ́ àti ìṣòtítọ́. Ohun tó wà nínú gbòǹgbò náà ni pé nǹkan dúró ṣinṣin, pé bí èèyàn bá fara tì í, kò ní yẹ̀. Èdè Lárúbáwá ní irú gbòǹgbò yẹn náà, òun ló bí “ìmọ̀nì.” Láti ara rẹ̀ ni wọ́n tún ti rí ọ̀rọ̀ fún ààbò, àti ọ̀rọ̀ fún ohun tí a fi sípamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a fọkàn tán. Ìyẹn ni pé bí a bá ṣe àmín, a ti kọjá “kó rí bẹ́ẹ̀.” À ń sọ pé ibi tí a fẹ̀yìn tì lè gbé wa.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ni ìyàtọ̀ yìí tó yé mi dáadáa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Màámi ti gbà pé dókítà náà mọṣẹ́. Wọ́n ti béèrè iye ọdún tó ti ń ṣe é, wọ́n sì ti bá ẹni tí dókítà náà ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún sọ̀rọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gbé ìwé síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Màámi mú bírò, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wo ojú dókítà náà pẹ́, wọ́n tún bírò mú, wọ́n fọwọ́ sí i. Láàárín ìgbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tún un mú, wọn ò gbọ́ ohun tuntun kankan nípa dókítà náà. Wọ́n kàn fi ara wọn lé e lọ́wọ́ ni. Wọ́n máa sùn lọ, wọn ò ní lè ran ara wọn lọ́wọ́, ẹlòmíì ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀mí wọn.

Ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀sìn jọ bẹ́ẹ̀, àfi pé ẹni tí a fi ara wa lé lọ́wọ́, ojú kò rí i. Ìwé Hébérù nínú Bíbélì pè é ní “ìdánilójú ohun tí à ń retí, ìjẹ́rìí ohun tí a kò rí.” Nínú Ìsìláàmù, nǹkan mẹ́fà ni òpó rẹ̀: Allah, àwọn mọ̀láíkà, àwọn ìwé mímọ́, àwọn òjíṣẹ́, Ọjọ́ Ìkẹyìn àti kádàrá. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń sá di nǹkan mẹ́ta: Búdà fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti àwùjọ àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ohun tí kálukú fi ara tì yàtọ̀, àmọ́ fífi ara tì náà kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ṣé ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í ṣiyèméjì ni? Rárá o. Nínú ìwé Máàkù, bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá bá Jésù, ó sì ké pé òun gbàgbọ́, kí ó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì, ọmọ rẹ̀ sì rí ìwòsàn. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn bá ń fi ìyèméjì da ara wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò fi ara ti nǹkan kan ò ní ohun tó máa bẹ̀rù pé ó lè yẹ̀.

Ní ti àǹfààní, ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá a. Ní 1897, ọmọ Faransé kan, Émile Durkheim, kọ ọ́ pé àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn láàárín ìjọ Kátólíìkì kéré sí ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Ìjọ méjèèjì ló ka ìwà náà léèwọ̀, nítorí náà kò rò pé òfin ẹ̀sìn ló fa ìyàtọ̀. Okùn tó so àwọn èèyàn mọ́ra wọn ló tọ́ka sí.

Ìwádìí tó wá gbòòrò jù ú lọ jáde ní 2016. Àwọn olùwádìí láti Harvard wo àkọsílẹ̀ obìnrin 74,534 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, fún ọdún 16. Ewu ikú àwọn tó ń lọ sí ilé ìjọsìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í lọ rárá. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ kì í sábà mu sìgá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jà, wọ́n sì ní ẹni tó ń dúró tì wọ́n. Ká má sáré o. Ẹni tára rẹ̀ ò yá kò lè jáde nílé lọ jọ́sìn, ìyẹn nìkan lè mú kí àwọn tó ń lọ dà bí ẹni tára rẹ̀ le jù. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ro ìlera àtẹ̀yìnwá àwọn obìnrin náà mọ́ ọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Lílọ sí ilé ìjọsìn ni wọ́n sì kà. Kò sẹ́ni tó lè ka ìgbàgbọ́ tó wà nínú ọkàn.

Ìwádìí kan tí Chaeyoon Lim àti Robert Putnam gbé jáde ní 2010 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ sí ilé ìjọsìn déédéé ń gbádùn ayé wọn ju àwọn tí kì í lọ, bí wọ́n bá ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ, tó jókòó, tó dìde, tó padà sílé láìní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀ kò rí irú ayọ̀ yẹn. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo aṣáájú ìjọ àti ìmáàmù gbọ́ èyí. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátá, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òun ló nílò ibẹ̀ jù.

Irú ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní tún ṣe pàtàkì. Ní 1967, Gordon Allport àti Michael Ross ya oríṣi méjì sọ́tọ̀: ẹni tó ń lo ẹ̀sìn rẹ̀, àti ẹni tó ń gbé ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń lọ jọ́sìn kí wọ́n lè rí i, kó lè rí oníbàárà, kó lè rí àyè láwùjọ. Ẹnì kejì ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bú u, ó ń dá ṣéńjì tó lé padà, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, torí pé ohun tó gbà gbọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ènìyàn lè máa gbàdúrà nígbà márùn-ún lójúmọ́, tàbí kó máa gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kó sì ṣì jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn, èmi ni mo sùn ti Màámi. Nígbà tí agbára oògùn ìrora ń tán lára wọn, mo gbọ́ tí èémí wọn ń yára, tó sì ń lọ ségesège. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù 121, kò jáde sókè, ètè wọn nìkan ló ń mì. Wọ́n kà á parí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, èémí wọn ti ń lọ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ Sáàmù náà, ó ń falẹ̀, èjìká tí wọ́n gbé sókè sì ti wálẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nípa ìwádìí Luciano Bernardi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2001. Wọ́n ní kí èèyàn 23 ka àdúrà rósárì àti ọ̀rọ̀ ìṣàṣàrò àwọn ará Íńdíà, èémí wọn sì rọ̀ wálẹ̀ sí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, tí lílù ọkàn wọn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń bá a rìn. Ẹni tó ti fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run lóru tí oorun ò wá mọ ohun tí mò ń wí.

Ìgbàgbọ́ lè ṣeni léṣe náà, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní 2001, Kenneth Pargament àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó ń gbàtọ́jú nílé ìwòsàn fún ọdún méjì. Àwọn tó ń rò pé Ọlọ́run ti kọ àwọn sílẹ̀, tàbí pé kò fẹ́ràn àwọn mọ́, kú ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹni tó dúró síbi ibùsùn aláìsàn tó ń ní “ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló dé bá ọ,” ó ń dá kún àìsàn. Bákan náà ni ẹni tó ní kí wọ́n da oògùn nù kí ìgbàgbọ́ lè pé. Hàdíìsì kan sọ pé ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, àbí kí òun tú u sílẹ̀. Ó ní kó so ó, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú oògùn. Màámi dákẹ́, wọ́n dìde díẹ̀, wọ́n gbé oògùn náà mì pẹ̀lú omi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá fẹ̀yìn lélẹ̀ padà, wọ́n sì ń ka Sáàmù náà lọ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró.