Zoning: Kí Ni Ìlú Ń Tún Ṣe Nígbà Tó Bá Tún Òfin Ìkọ́lé Ṣe?

O ra ilẹ̀, ìwé rẹ̀ pé, ajagungbalẹ̀ kankan ò sì bá ọ dù ú. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wù ọ́ lo lè kọ́ sórí rẹ̀. Zoning ló ń dè ọ́ lọ́wọ́: òfin tí ìlú fi pín àdúgbò, tó ní ibí ni ilé gbígbé, ọ̀hún ni ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, ilé iṣẹ́ ńlá sì ń bẹ níbòmíràn. Ìlànà ìkọ́lé ló máa ń bá a rìn. Ìyẹn ló ń sọ bí ilé ṣe lè ga tó, ààyè tí o máa fi sílẹ̀ láàárín ògiri rẹ àti ti aládùúgbò, àti iye ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ rí ibi dúró sí nínú ọgbà rẹ.

Èyí tó máa ń rú èèyàn lójú jù ni FAR (floor area ratio). Ìlọ́po mélòó ilẹ̀ rẹ ni gbogbo àjà ilé náà lè jẹ́ tí a bá rò wọ́n pọ̀? Ká ní plọ́ọ̀tì rẹ jẹ́ mítà 18 sí 36, mítà onígun mẹ́rin 648 nìyẹn. Bí FAR àdúgbò bá jẹ́ 2, 1,296 lo lè kọ́. Tí ilé bá gba ìdajì ilẹ̀, àjà mẹ́rin nìyẹn. Bí ìlú bá wá sọ 2 di 3, ó di àjà mẹ́fà, àfi tí òfin gíga ilé bá ní ó tó. O ò tíì to búlọ́ọ̀kù kan, owó ilẹ̀ rẹ ti gbéra. Ẹ ò ní bi mí mọ́ pé kí ló dé tí ariwo fi máa ń pọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yí nọ́ńbà kékeré kan.

Ní New York, ilé Equitable tí wọ́n parí ní 1915 ga ní àjà 38, ó gòkè gbọn-ọn láti etí títì, ó sì ṣíji bo àwọn ará ìsàlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìlú náà ṣòfin pé bí ilé bá ti ga dé ibì kan, kí ògiri òkè fà sẹ́yìn. Ní 1961, wọ́n tún gbogbo òfin náà kọ, wọ́n fi FAR sí i, wọ́n sì mú ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ọ̀ranyàn. Ọ̀ranyàn yẹn ń gbówó lé ilé. Ní 2024, wọ́n dín in kù fún ilé tuntun, wọ́n sì mú un kúrò pátápátá láwọn apá ibì kan.

Ní Èkó, àrùn tí eku ń gbé kiri, tó jà ní 1924, ló ti ìjọba láti dá LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti máa tún ìlú tò. Nígbà tó yá, Victoria Island di àdúgbò ilé gbígbé. Báńkì wọlé, ilé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ẹ wo ilé kan bẹ́ẹ̀: gáréèjì ti di ilé ìdáná, jẹnẹrétọ̀ ń bú lábẹ́ fèrèsé yàrá aládùúgbò, ọkọ̀ oníbàárà sì wà lórí gọ́tà. Ní tèmi, ẹ̀bi àwọn onílé nìkan kọ́. Òwò ti dé kí ìwé tó gbọ́, títì àti gọ́tà ò sì tóbi sí i. Model City Plan, ìyẹn ètò ìlò ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe fún Ìkòyí àti Victoria Island, fún Ìkẹjà, fún Àgbádárìgì, ń gbìyànjú láti lé bá a. Àmọ́ yíyí àwọ̀ tó ń fi ìlò ilẹ̀ hàn lórí máàpù rọrùn ju kí èèyàn fẹ gọ́tà lọ.

Ilé tó ti wà lábẹ́ òfin àtijọ́ kì í sábà di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin tuntun dé. Ìgbà tí o bá fẹ́ wó o, tàbí kí o fi àjà kún un, ni wọ́n á fi òfin tuntun wọ̀n ọ́. C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pàápàá máa ń sọ ohun tí ilẹ̀ wà fún. Bó bá jẹ́ ilé gbígbé ni wọ́n kọ, tí o sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, lọ gba àṣẹ ìyípadà ìlò ní ọ́fíìsì town planning kí káfíńtà tó dé.