Àjọyí: Bí A Ṣe Ń Yí Ẹni Tó Fi Ọ̀pá Ẹ̀yìn Ṣèṣe

Àwọn kan láàárín àwa tí à ń kọ́ni níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-Ifẹ̀ ń pe ọ̀nà tí a fi ń yí ẹni tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe lórí ibùsùn ní “yíyí gẹdú”. Àwọn mìíràn, tí kò tilẹ̀ fẹ́ ronú rárá, ń kọ “lọ́ọ̀gì-róòlù”, bí Gẹ̀ẹ́sì (log roll) ṣe pè é gan-an. N kò fara mọ́ ìkankan. Agégẹdú a máa fi ọ̀pá ti gẹdú, ibi tó bá sì yí dé náà ló dé. Ta ni yóò fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ìtọ́jú lójú ìyá aláìsàn tó dúró ti ibùsùn?

Àjọyí ni mo mú. Wọ́n ní kò sọ ju pé nọ́ọ̀sì pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà lọ. Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Ṣùgbọ́n orí, èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ aláìsàn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jọ yí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbé méjèèjì. Ó tún ṣeé fi pàṣẹ: “Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ yí i.” Kí onígẹdú fi tirẹ̀ pàṣẹ ká gbọ́.

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí: òkè rẹ̀ kì í ṣáájú ìsàlẹ̀, àárín rẹ̀ kì í sì í ká. Bẹ́ẹ̀ ni ara aláìsàn gbọ́dọ̀ lọ, kí eegun tó ti ṣẹ́ má baà yẹ̀ kí ó sì tẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó di orí àti ọrùn mú ló ń pàṣẹ; àwọn mẹ́ta yòókù, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò di èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ mú, ọwọ́ wọn yóò sì ré ara wọn kọjá.

Èémí ni a kọ́kọ́ ń ṣọ́, pàápàá bí ọrùn ló ṣèṣe. Ẹ ti mọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni awọ ara, tí àjọyí ní wákàtí 2-2 wà fún, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára kò ní ké pé ìdí ń ro òun. Bóyá ìṣèṣe náà jẹ́ pátápátá (tí kò ku ìmọ̀lára kankan nísàlẹ̀ ibi tó ṣèṣe) tàbí aláàbọ̀ (tí ó ṣì ku díẹ̀) kò yí èyí padà. Bí ẹ bá ti yí i, ẹ wo ìdí àti gìgísẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án: ìwé ní kí a wá ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, gbígbóná tàbí líle ni egbò ìdùbúlẹ̀ sábà fi ń kọ́kọ́ fara hàn, ọwọ́ a sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.