Ṣé dandan ni kí á pààlà sí ilẹ̀ abẹ́ òkun kí orílẹ̀-èdè méjì tó lè jọ ní i?

Bí ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́nì inú òkun bá délẹ̀, gbólóhùn kan kì í pẹ́ jáde: "Kí wọ́n kọ́kọ́ pààlà ná, kí oníkálukú mọ tirẹ̀." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Ẹni tó bá ti rí bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń tú ọmọ ìyá ká mọ iyì pèrègún tí a gbìn sí ààlà oko. Ṣùgbọ́n lórí òkun, ìgbàgbọ́ yìí lè gba ohun ńlá lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kékeré.

Ẹ wo Mauritius àti Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù méjì nínú Òkun Índíà. Gbogbo ilẹ̀ Seychelles kò ju nǹkan bíi 455 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Òkè kan tó gùn gbọọrọ wà lábẹ́ omi láàrin àwọn méjèèjì, Mascarene Plateau lorúkọ rẹ̀. Òfin òkun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1982 fún orílẹ̀-èdè etíkun ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ abẹ́ òkun dé 200 máìlì ojú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun tó kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, kó fi hàn pé ilẹ̀ tirẹ̀ ló nà wọnú omi dé ibẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yìí kì í dá sí ibi tí ìjà ààlà bá wà, àfi tí gbogbo àwọn tó ń jà bá fọwọ́ sí i. Ká ní Mauritius àti Seychelles ti ní kí àwọn jà á tán kí àwọn tó lọ, ìwé wọn ì bá ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò lórí ààlà omi tó súnmọ́ ilé ní 2008. Èyí tó jìnnà ni wọn kò pín. Ní December 2008, wọ́n jọ kọ ìwé kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i ní March 2011: nǹkan bíi 396,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ohun tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ Nàìjíríà lọ! Ní 13 March 2012, wọ́n bu ọwọ́ lu àdéhùn méjì. Ọ̀kan sọ pé àwọn méjèèjì ló jọ ni ín, èkejì sọ bí wọn yóò ṣe jọ máa ṣàkóso rẹ̀. Bí owó bá wọlé, ìdajì-ìdajì ni.

Irú rẹ̀ wà nílé wa. Ilẹ̀ ẹbí tí a kò pín, olórí ẹbí kò lè dá a tà lẹ́yìn àwọn àgbà yòókù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹbí náà kò nílẹ̀.

Nàìjíríà náà ti ṣe é. Nígbà tí omi tiwa àti ti São Tomé àti Príncipe wọnú ara wọn, wọ́n pa ọ̀rọ̀ ààlà tì, wọ́n sì bu ọwọ́ lu àdéhùn àjọṣe l'Ábújá ní 21 February 2001: 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá wọlé fún Nàìjíríà, 40 fún São Tomé àti Príncipe. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àdéhùn ni owó o. Wọ́n ti gbẹ́ kànga epo níbẹ̀, ṣùgbọ́n epo tí à ń tà kò tíì ti ibẹ̀ jáde.

Àṣìṣe mìíràn ni pé ẹni tó ni ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ni ẹja òkè rẹ̀. Ní Mascarene, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ni ti Mauritius àti Seychelles. Omi òkè wà fún gbogbo ayé, ọkọ̀ apẹja láti ọ̀nà jíjìn sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Koríko inú òkun tó wà ní Saya de Malha, ibi tí omi kò ti jìn púpọ̀ lórí Mascarene Plateau, tó wà lára èyí tó fẹ̀ jù lọ láyé, wà lágbègbè náà. Ẹni tó bá fẹ́ wa kùsà nídìí koríko yẹn lọ́la, ìjọba méjì ni yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.