Aró Nínú Ìtàn Àwọn Ẹ̀dá Onísẹ́ẹ̀lì Kan

Ní sáà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ní nǹkan bí ọdún 1830, ọkùnrin kan ní Berlin, Christian Gottfried Ehrenberg, ń fi aró bọ́ àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò rí. Aró tó ń jáde lára ẹ̀lú náà ni, èyí táwọn ìyá aláró fi ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú àti Kẹ́mta. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú omi ni àwọn ẹ̀dá yìí ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irun wínníwínní ló wà lára wọn, òun ni wọ́n fi ń wẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gbá oúnjẹ sẹ́nu. Antonie van Leeuwenhoek ará Netherlands, tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ẹ̀dá omi bẹ́ẹ̀ ní 1674, oníṣòwò aṣọ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, O. F. Müller ní Denmark sọ ọ̀pọ̀ wọn lórúkọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1786, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Aró ló jẹ́ ká rí inú wọn. Kì í ṣe omi ìkòkò aró o, omi éérú inú rẹ̀ á pa wọ́n. Aró tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Ehrenberg pò ó mọ́ omi wọn, wọ́n gbé e mì, ó sì rí i tó ṣù roboto-roboto nínú wọn. Ó ní ikùn ni roboto kọ̀ọ̀kan. Félix Dujardin ará Faransé ta kò ó, òun ló sì jàre: oúnjẹ tí wọ́n gbé mì ló ń di roboto, tó ń yí kiri nínú sẹ́ẹ̀lì. Síbẹ̀, mi ò ní fojú kéré Ehrenberg. Paramecium caudatum, táwọn ọmọ girama ń yà nínú ìwé bàólójì, òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Ní 1926, Bruno Klein ní Austria fi oògùn fàdákà kùn wọ́n, àwọn ìlà ara wọn sì yọ gedegbe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka ìlà, tí wọ́n ń fi ti ẹ̀yà kan wé ti òmíràn.

Paramecium aurelia ló wá fi hàn pé ojú nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀yà mọ̀. Ó kéré sí caudatum, núkílíọ́ọ̀sì (kókó inú sẹ́ẹ̀lì) kékeré méjì ló ní, caudatum ní ẹyọ kan. Ìyẹn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ní 1937, Tracy Sonneborn ní Amẹ́ríkà rí i pé kì í ṣe gbogbo aurelia ló ń gbà láti bá ara wọn dàpọ̀. Ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ló fi ń mọ ẹ̀yà rẹ̀. Ní 1975, ó pín aurelia sí ẹ̀yà 14, ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ.